Fóònù Tuntun Lọ́wọ́ Aláìní

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́: mo ra fóònù tuntun. Mo rà á nígbà tí orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn tó ń béèrè owó ìrànwọ́ aláìní ní yunifásítì wa. Owó ara mi ni mo fi rà á. Mi ò jí i, mi ò yá a, ọkùnrin kankan kò sì fi tàn mí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì ń dùn títí di òní, kó lọ mu omi tútù.

Tian Suhe lorúkọ mi. Àwọn òbí mi ń gbin ọsàn lórí òkè ní ìwọ̀-oòrùn Hunan. Ìyá mi ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi kò gba ẹrù mọ́ láti ọjọ́ tí òkúta ti já lù ú níbi tó ti ń bá wọn la ọ̀nà. Changsha ni mo ti ń kàwé. Owó ìrànwọ́ yẹn ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí ewé bá ń wọ́ títí di ìgbà ooru. Tí mi ò bá rí i gbà, ìyá mi á tún wá nǹkan tà, bẹ́ẹ̀ ohun tó kù nílé tó ṣe é tà kò ju ẹlẹ́dẹ̀ méjì lọ.

Fóònù mi àtijọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyá mi ló rà á fún mi nígbà tí mo yege ìdánwò àṣewọ yunifásítì, ó sì sìn mí tọkàntọkàn. Lọ́dún kìíní, ojú rẹ̀ fọ́, mo fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Lọ́dún kejì, kámẹ́rà rẹ̀ kú pátápátá. Nígbà tí a fi máa wọlé fún ọdún kẹta, bátìrì rẹ̀ ti wú, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, apá òsì ojú rẹ̀ ò sì gbọ́ràn mọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, á dáhùn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lápá òsì, á kàn máa wò mí bí ọmọ tó ti yó.

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ta ló lè gbé láìsí fóònù? Òun la fi ń ra oúnjẹ, òun la fi ń wọ ilé-ìkàwé, òun náà la fi ń ṣí omi gbígbóná ní balùwẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti fi ọṣẹ pa gbogbo ara, ọṣẹ ti wọ̀ mí lójú, fóònù bá kú, omi náà bá dá. Mo figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kí ló dé? Ṣé àkeekèé ló ta ọ́ ni?" Ẹni tó wà ní balùwẹ̀ tó tẹ̀ lé tèmi ló dáhùn.

He Dongmei ni, ọmọ kíláàsì wa tó ń gbé yàrá òdìkejì. Òun náà wà nínú ìwé àwọn aláìní bíi tèmi. Ó na fóònù tirẹ̀ sí mi láti abẹ́ ògiri, fóònù tí wọ́n fi téèpù wé bí ẹsẹ̀ tó kán. "Rọra o," ó ní, "tó o bá tẹ̀ ẹ́ jù, òun náà á kú, àwa méjèèjì á wá jọ gbẹ sínú ọṣẹ." A rẹ́rìn-ín títí tí àwọn tó ń dúró níta fi ń gbá ilẹ̀kùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, èmi àti Luo Jiamin gba ọjà àwọn onífóònù lọ. Yàrá kan náà la jọ ń gbé. Jiamin máa ń bẹ̀rù ohun gbogbo, títí kan ẹyẹlé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dára. A bá Ọ̀gá Deng tó ń tún fóònù ṣe nídìí tábìlì rẹ̀, ó fi awò ńlá sójú kan, ó ń jẹ núdù olómi ata.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wo bátìrì yìí."

Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án. "Ọmọ mi, kọ́kọ́ gbé e jìnnà sí oúnjẹ mi. Ìyẹn kì í ṣe bátìrì mọ́, bọ́ǹbù ni."

"Èló lẹ máa fi tún un ṣe?"

"Mo lè pààrọ̀ bátìrì, mo lè pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ gan-an ló ti ń rẹ̀." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Tí mo bá tún un ṣe lónìí, wàá tún padà wá bá mi kí òtútù tó mú. Èmi á gbowó, inú mi á dùn. Ìwọ ńkọ́?"

"Kó ra àlòkù," ni Jiamin sọ wéré.

"Àlòkù wà. Ẹni tó tà á fún mi náà mọ ìdí tó fi tà á."

Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú mi ti lọ sínú àpótí onígíláàsì. Mo rí i níbẹ̀. Ọkàn mi sọ kúlú.

Ẹ má bínú, mi ò tíì sọ ibi tí mo ti lo ìsinmi ooru. Oṣù méjì gbáko ni mo fi dúró lórí ìdúró ní fakitírì kan ní Guangdong, mo ń de kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn fóònù yẹn gan-an. Súkúrù mẹ́rin. Dè é, tì í síwájú. Dè é, tì í síwájú. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lójúmọ́. Ìka mi lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé. Tí a bá ń jáde, wọ́n á fi ẹ̀rọ yẹ̀ wá wò láti orí dé ẹsẹ̀ kí súkúrù kan má bàa bá wa lọ. Nínú gbogbo èyí tó gba ọwọ́ mi kọjá, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí mo tan rí.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ bá mi mú ìyẹn jáde."

Jiamin fi ìgúnpá gún mi níhà. "Ṣé orí ẹ pé? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń jókòó!"

Ìgbìmọ̀ tó ń wí yẹn, ènìyàn méje ni wọ́n, gbogbo wọn ọmọ kíláàsì wa. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń jókòó láti mọ ẹni tó tálákà tó. Jiamin fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, òun ni wọ́n yàn láti yàrá tiwa. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá ń gba ìrànwọ́ kò gbọdọ̀ ní fóònù gidi, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Aláìní ò gbọdọ̀ kun irun. Aláìní ò gbọdọ̀ mu tíì olómi wàrà lójú ènìyàn. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n yọ ọmọkùnrin kan nítorí bàtà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fún òun, wọ́n ní kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba oúnjẹ náà.

"Mo mọ̀," mo sọ fún Jiamin.

"Tó o bá mọ̀, fi í sílẹ̀ jàre. Tàbí kó o rà á, kó o sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì bẹ́ẹ̀dì ẹ. Máa gbé èyí tó bàjẹ́ lọ sí kíláàsì. Tí wọ́n bá ti lẹ orúkọ mọ́ ògiri, tí ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi ń gba àríwísí sì kọjá, ta ló tún máa bi ẹ́?"

Ọ̀gá Deng rẹ́rìn-ín. "Ìgbà mélòó ni mo ti gbọ́ irú èyí nínú ọ̀sẹ̀ yìí! Ó dáa, ọjọ́ méje ni mo fún ọ. Tí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, tí ara rẹ̀ kò sì bó, gbé e padà tòun ti páálí rẹ̀, màá dá owó ẹ padà."

Mo rà á. Mo sì gbé e pamọ́. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé mo gbà láti gbé e pamọ́. Èmi tí mo lẹ́nu báyìí! Tí mo bá ti wọ inú kọ́tìnì, mo di ọba, mo ń ka ìwé, mo ń wo ojú ìyá mi tó mọ́ kedere bíi pé mo lè fọwọ́ kàn án. Tí mo bá jáde, òkú fóònù yẹn ló wà lọ́wọ́ mi, mo ń tẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn, mo ń pòṣé. Mo di olè lórí ohun tí mo fi òógùn ara mi rà.

Ọdún òṣùpá, tí a máa ń jẹ àkàrà dídùn lábẹ́ òṣùpá, bá dé. Ìyá mi fi àkàrà òṣùpá mẹ́jọ ránṣẹ́, ẹ̀pà àti ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, ó ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ya àwòrán wọn. Inú mi dùn débi pé ọpọlọ mi sùn. Mo gbé àwòrán náà sínú gúrúùpù kíláàsì wa lórí fóònù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ kú ọdún o, ẹni tó bá fẹ́ jẹ kó wá."

Nínú gúrúùpù yẹn, tó o bá kọ nǹkan, orúkọ fóònù tó o fi kọ ọ́ máa ń jáde ní lẹ́tà kéékèèké lábẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì ni orúkọ ti àtijọ́ ti ń jáde lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Jiamin sáré wọlé, ọṣẹ ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Suhe! Pa á rẹ́! Pa á rẹ́ kíá!"

"Pa kí ni rẹ́?"

"Orúkọ! Wo abẹ́ rẹ̀!"

Mo wò ó. Orúkọ fóònù tuntun ló wà níbẹ̀. Mo pa á rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Ẹnìkan ti kọ ọ́ pé: "Ẹ kú ọdún o, alákàrà olówó." Ẹlòmíràn ní: "Ṣé àwa náà lè forúkọ sílẹ̀ fún òṣì yìí?" Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ní ọjọ́ kejì, Fang Kexin, olórí kíláàsì wa tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, wá bá mi ní yàrá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, Kexin kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà nínú àpótí tirẹ̀ ni. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹnìkan ti wá fẹjọ́ ẹ sùn, Suhe."

"Ta ni?"

"Mi ò lè sọ. Kì í ṣe àwòrán yẹn nìkan o, ẹni náà ní òun ti rí i lọ́wọ́ ẹ rí. Wò ó, ó ti tó ọjọ́ mélòó tó o rà á?"

"Ọjọ́ mẹ́fà."

Ojú rẹ̀ là. "Ọjọ́ méje tí àwọn onífóònù máa ń fúnni láti dá ọjà padà ò tíì pé nìyẹn! Dá a padà lónìí. Lọ́la, màá sọ fún wọn pé ìbátan ẹ ló yá ẹ lò. Ọ̀rọ̀ parí."

"Tí mi ò bá dá a padà ńkọ́?"

"Ìwọ náà mọ̀, jàre. Ẹni méje ló ń béèrè, ipò mẹ́fà ló wà. Má fọwọ́ ara ẹ ṣe ara ẹ."

Nígbà tó lọ tán, mo pe ìyá mi. Ó ń ṣa ọsàn, ó gbé fóònù sórí ẹ̀ka igi kó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú.

"Dá a padà, ọmọ mi."

"Ìyá, owó mi ni."

"Mo mọ̀ pé owó ẹ ni. Mo rí ìka ẹ nígbà tó o dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń na ọwọ́ kì í na ọrùn pẹ̀lú. Tẹ orí ba fún wọn, kó o jẹun. Oúnjẹ ẹ ni mò ń rò."

Mi ò lè bá a jiyàn. Mo di fóònù sínú páálí, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Deng. Ó na ọwọ́. Èmi náà na páálí náà, ṣùgbọ́n ìka mi ò tú. Àwa méjèèjì di páálí kan mú bí àwọn tó ń fa okùn.

"Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa."

"Ara rẹ̀ bó ni?"

"Kò bó."

"Kí ló wá dé?"

"Wọ́n ní kò yẹ mí."

Ó fi ọwọ́ sílẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí dáadáa. "Ta ni wọ́n?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Mo ronú kan Kexin, mo ronú kan ẹni tó fẹjọ́ sùn, mo ronú kan àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nínú gúrúùpù. Gbogbo wọn ló ní fóònù. Inú bá bí mi, inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú oníṣòwò. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo ti dà yín láàmú." Mo gbé páálí mi, mo sì padà sílé.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní àjà kẹta ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn méje jókòó síwájú, àwa méje jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Olùkọ́ Cai tó ń bójú tó kíláàsì wa dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ẹ má rò pé ìbànújẹ́ yín la fẹ́ gbọ́ o," Olùkọ́ Cai sọ. "Kí oníkálukú kàn sọ díẹ̀ nípa ilé rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré."

Kò fẹ́ gbọ́ ìbànújẹ́! Ṣíọ̀. Tíṣù ti wà lórí tábìlì. Mo mọ tíṣù yẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo dúró níbẹ̀, mo sọ ti ẹsẹ̀ bàbá mi fún wọn. Mo sọ bó ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀ tó bá ń gun òkè, mo tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Mo sunkún, wọ́n na tíṣù sí mi, ohùn mẹ́fà nínú méje ni mo gbà. Nígbà tí mo délé fún ọdún tuntun, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè wo ojú bàbá mi. Ọkùnrin náà rò pé ìwé ló ń rẹ̀ mí.

Dongmei ló ṣáájú mi. Ó gbé fóònù onítéèpù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń ka ohun tó kọ sínú ìwé: ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn, àbúrò méjì, òrùlé tó ń jò. Kò tíì kà á dé ìdajì tí ẹkún fi gbà á. Wọ́n na tíṣù sí i. Mo rí ọmọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oúnjẹ dùn mọ́ lẹ́nu.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo yọ fóònù tuntun láti inú àpò, mo gbé e kalẹ̀ níwájú wọn, ojú rẹ̀ sókè.

"Ohun tí ẹ fẹ́ bi mí nìyí, nítorí náà, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e jáde. Kì í ṣe ti ìbátan mi. Tèmi ni."

Kexin di ojú.

"Ilé wa, ẹ ti ka fọ́ọ̀mù. Ọsàn kò níye lórí lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ bàbá mi ṣì wà bó ṣe wà, mi ò ní ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ fún yín mọ́. Fóònù mi kú. Mo lọ béèrè àtúnṣe rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní owó òfò ni. Oṣù méjì ni mo fi de kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn irú èyí ní fakitírì. Bóyá èyí tó wà lápò ẹnìkan nínú yín níbí, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gbé e. Nígbà tí mò ń ṣe é, kò sí ẹni tó sọ pé kò yẹ mí."

Ọmọkùnrin tó ń mi orí níṣàájú tẹ̀ síwájú. "Àmọ́ Suhe, jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ta ló máa gbà pé ebi ń pa ẹni tó gbé irú fóònù yìí?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ebi ń pa mí? Mo ní ilé wa kò ní. Ìwọ lo fẹ́ kí ebi máa hàn lójú mi kí ọkàn tìẹ lè balẹ̀."

"Suhe," Olùkọ́ Cai sọ, "fara balẹ̀."

"Mo ti fara balẹ̀, tíṣà. Tí mo bá lo owó yẹn láti tún òkú fóònù ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ óò pè mí ní ọmọ gidi. Nítorí pé mo rà á lẹ́ẹ̀kan kó lè bá mi parí ìwé mi, mo di ọ̀bàyéjẹ́. Àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ti sunkún lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún yìí, ìríran ló kù."

Mo gbé fóònù mi, mo jókòó.

Wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń na ọwọ́ sókè. Nígbà tó kàn mí, Jiamin ló kọ́kọ́ nawọ́. Jiamin tó ń bẹ̀rù ẹyẹlé! Ó nà án tààrà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ẹni méjì míì tẹ̀ lé e. Mẹ́ta. Kò sí ẹni tí tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú wa, gbogbo àwọn tó kù ni wọ́n ní mẹ́rin, márùn-ún, méje. Dongmei ló ní méje.

Bí a ṣe ń jáde, Kexin di mí lápá mú ní àtẹ̀gùn. Ojú rẹ̀ kò dùn rárá. "Kí ló dé tí o ò kàn sunkún díẹ̀? Díẹ̀ péré! Ǹ bá nawọ́ fún ẹ."

"Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sunkún," mo ní. Mo já apá mi gbà.

Wọ́n lẹ orúkọ ẹni mẹ́fà mọ́ ògiri lọ́jọ́ Ajé. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá ní àríwísí kó mú un wá láàrin ọjọ́ márùn-ún. Mo pe ìyá mi, mo sọ fún un. Ó ní òun á ta ẹlẹ́dẹ̀ kan. Mo ní kó má tà á, mo ti rí iṣẹ́ àwo fífọ̀ ní ilé oúnjẹ yunifásítì. Ó ní kí n jẹun dáadáa, ó sì pa fóònù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó dùn mí wọra. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kì í dun ẹni tó bá ṣàgídí.

Ibẹ̀ ni Dongmei ti bá mi. Ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró. Jiamin wà níbẹ̀, ó ń sá aṣọ.

"Suhe, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

Ó ki ọwọ́ bọ inú aṣọ òtútù rẹ̀, ó mú fóònù kan jáde. Ó jẹ́ tuntun ju tèmi lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi rà á fún mi nígbà ooru. Ní ti onítéèpù yẹn, ìta nìkan ni mo ń gbé e lọ." Ó wo Jiamin, ó tún wò mí. "Èmi ni mo fẹjọ́ ẹ sùn lọ́dọ̀ Kexin. Mo rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú kọ́tìnì ẹ lọ́jọ́ kan tí mo wá yá ìwé. Ẹni méje la jẹ́. Mo rò pé tí wọ́n bá wo tìẹ, wọn ò ní wo tèmi."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Jiamin. Mo dìde. Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí, ọwọ́ mi ń yún mí, mo fẹ́ gbá a létí, Ọlọ́run ló yọ ọ́. "O ní ojú láti wá dúró síwájú mi?"

"Ọjọ́ márùn-ún ò tíì pé," ó ní. "Kọ àríwísí. Mi ò ní jiyàn. Wọ́n á yọ mí, wọ́n á fi ẹ́ sí i."

"Kọ ọ́!" Jiamin pariwo. "Suhe, kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀! Ipò ẹ ni!"

Mo gbé fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́: He Dongmei, yàrá 412, ní fóònù tuntun kan. Mo ka ohun tí mo kọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ nípa mi, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Tí mo bá fi ránṣẹ́, a jẹ́ pé èmi náà ti gbà pé ẹni tí kò ní kò gbọdọ̀ ní. Mo pa á rẹ́.

"Jáde," mo sọ fún Dongmei. "Jáde kí n tó yí ọkàn padà. Mi ò dárí jì ẹ́ o, má rò bẹ́ẹ̀."

Ó jáde. Jiamin pè mí ní òmùgọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó síwájú nínú kíláàsì, fóònù mi wà lórí tábìlì. Láti ọjọ́ ìpàdé ni mo ti ń gbé e síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì mí. Ẹnìkan bá fa àga ẹ̀gbẹ́ mi, ó jókòó. Dongmei ni. Kò kí mi. Ó yọ ìwé rẹ̀, ó yọ bírò rẹ̀, ó wá yọ fóònù tuntun yẹn, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ọjọ́ kejì péré nínú ọjọ́ márùn-ún ni. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí ẹnìkan fa èémí, mo gbọ́ tí àwọn tó kù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kexin ti dìde láti ìjókòó rẹ̀, ó ń bọ̀.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" mo sọ sí i létí. "Wọ́n á yọ ẹ́! Bò ó, bò ó kíá!"

Dongmei kò wojú mi. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

"Kọ́kọ́ bo tìẹ," ó ní.

Kexin ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo fóònù kan, ó wo èkejì. Àwa méjèèjì gbójú sókè, a ń wò ó, a sì ń dúró de ohun tó máa sọ.